Ẹni Tí Kò Gbọdọ̀ Jẹ Búrẹ́dì

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Bí arábìnrin kan bá wà nínú ìjọ yín, tó ń wá sí ìsìn déédéé, tó ń san ìdámẹ́wàá, tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, àmọ́ tó jẹ́ pé nígbàkúùgbà tí wọ́n bá gbé àwo búrẹ́dì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ńṣe ló máa ń mi orí, tí yóò sì jẹ́ kí àwo náà kọjá, kí lẹ máa rò nípa rẹ̀? Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa rò. A ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ kan ló ń dà á láàmú. A ó ní ó ń bá ẹnì kan ṣe ìjà nínú ìjọ, kò sì tíì dárí jì í. Àwọn kan yóò tilẹ̀ ti máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ọkọ rẹ̀ níbi tó jókòó sí.

Ó sì lè má jẹ́ ọ̀kankan nínú gbogbo rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé búrẹ́dì yẹn gan-an ni ara rẹ̀ kò gbà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Èròjà kan wà nínú àlìkámà tí wọ́n ń pè ní gluten. Òun ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun fà bíi rọ́bà nígbà tí oníbúrẹ́dì bá ń pò ó, òun náà ló sì ń jẹ́ kí búrẹ́dì wú kí ó sì rọ̀. Ó wà nínú ọkà báálì náà, tí wọ́n fi ń ṣe mọ́ọ̀tì, ó sì wà nínú ọkà kan tí àwọn ará ilẹ̀ òtútù ń gbìn tí wọ́n ń pè ní rye. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ló ń jẹ ẹ́ láti kékeré títí dọjọ́ ogbó láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí gluten bá ti wọnú ìfun wọn, ohun tí Ọlọ́run fi sínú ara láti máa bá àrùn jà yóò ṣì í mú bí ọ̀tá, yóò sì kọ ìjà sí ìfun náà fúnra rẹ̀. Nínú ìfun kékeré, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ kan wà tó dúró ṣánṣán bí irun ara táwẹ́ẹ̀lì. Àwọn ló ń fa agbára inú oúnjẹ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìjà yẹn a máa jẹ wọ́n run títí wọn yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni náà lè máa jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí ebi sì máa pa ara rẹ̀. Orúkọ tí àwọn dókítà ń pe àìsàn yìí ni coeliac, bíi sílíàkì la ṣe ń pè é lẹ́nu, nítorí náà sílíàkì ni n ó máa kọ.

Bó ṣe ń fara hàn kò rí bákan náà lára gbogbo ènìyàn. Lára ọmọdé, inú a máa wú, ẹsẹ̀ àti apá a tín-ín-rín, ìgbẹ́ gbuuru kò ní dáwọ́ dúró, ọmọ náà kò ní dàgbà bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ ronú ohun tí àwa máa ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ àti ibi tí a máa ń gbé e lọ. Lára àgbàlagbà, ó lè jẹ́ àìtó ẹ̀jẹ̀ tí oògùn ẹ̀jẹ̀ kò ràn, ó lè jẹ́ àárẹ̀ tí oorun kò lè wò, egbò inú ẹnu tó ń lọ tó ń bọ̀, èéléwo tó ń yúnni ní ìgúnpá àti orúnkún, tàbí eegun tó ń ṣẹ́ nígbà tí kò yẹ kó ṣẹ́. Nínú àwọn obìnrin kan, àìrọ́mọbí tàbí kí oyún máa bàjẹ́ wà lára rẹ̀. Mi ò sọ pé sílíàkì ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ o, rárá. Ohun tí mo ń sọ ni pé obìnrin kan lè ti yípo gbogbo òkè àdúrà, kó jẹ́ pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ni ẹnikẹ́ni kò tíì ní kó lọ ṣe.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àìsàn yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ̀. Àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tí a tíì gbọ́ nípa wọn wà ní Áfíríkà wa níbí. Àwọn ará Saharawi ni wọ́n, àwọn ará Sàhárà tó di ogúnléndé ní ilẹ̀ Àlùjíríà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọmọ wọn, tó jáde ní ọdún 1999, rí i pé ó lé ní márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó ní in. Láàárín àwa Yorùbá ó ṣọ̀wọ́n, nítorí irú ẹ̀jẹ̀ tí a bí mọ́ wa àti irú oúnjẹ tí a ń jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston ń jẹ búrẹ́dì láàárọ̀, sáńwíìṣì lọ́sàn-án, pàsítà lálẹ́. Àwọn kan sì ti fẹ́ ọmọ onílùú níbẹ̀, wọ́n ti bímọ fún wọn. Bí ẹnì kan bá ní in nínú ẹbí, ó yẹ kí àwọn òbí rẹ̀, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, nítorí bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló máa ń ní in.

Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé àlìkámà ni

Ó pẹ́ kí àwọn oníṣègùn tó mọ ohun tó ń fà á. Ní New York ní ọdún 1924, dókítà Sidney Haas ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ wo àwọn ọmọ tó ní in, ara wọn sì ń yá. Ó rò pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ ìwòsàn. Kò mọ̀ pé ohun tí òun yọ kúrò nínú àwo wọn ló ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe ohun tí òun fi sí i. Dókítà àwọn ọmọdé kan ní ilẹ̀ Họ́láǹdì, Willem-Karel Dicke tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú The Hague, ló wá tú àṣírí náà. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀ ló ti ń fura sí àlìkámà. Nígbà òtútù ọdún 1944 wọ 1945, àwọn ọmọ ogun Jámánì dínà oúnjẹ mọ́ ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà, ìyàn mú débi pé àwọn ènìyàn ń wú ìdí òdòdó tulip jẹ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kú. Ṣùgbọ́n Dicke ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ rẹ̀ tí inú ń yọ lẹ́nu ń mókun nígbà tí búrẹ́dì wọ́n bí ojú, àti pé nígbà tí ogun parí tí búrẹ́dì padà dé, àìsàn padà dé pẹ̀lú. Ní ọdún 1950 ló gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní Yunifásítì Utrecht. Láti ìgbà náà títí di òní, kò sí oògùn kan tó ń wo sílíàkì sàn. Kí ẹni náà yẹra fún gluten títí ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ìtọ́jú tó wà. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìfun a máa jinná fúnra rẹ̀, lára ọmọdé kò ní pẹ́ púpọ̀, lára àgbàlagbà ó lè gbà tó ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ kíyè sí ohun kan níbí o, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń ti ibẹ̀ ṣìnà. Bí ẹ bá fura pé ẹ ní àìsàn yìí, ẹ má tíì fi búrẹ́dì sílẹ̀ kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn náà wọ́n lè fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná lórí wo inú ìfun, kí wọ́n sì bù díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Bí ẹ bá ti fi gluten sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ẹ tó dé ibẹ̀, àyẹ̀wò náà lè sọ pé kò sí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ nǹkan wà.

Ṣé àìnígbàgbọ́ ni?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ti máa sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Olùṣọ́, ṣé Ọlọ́run kò lè wo ìyẹn sàn ni? Ṣé kí onígbàgbọ́ máa sá fún búrẹ́dì títí ayé?" Ọlọ́run lè wò ó sàn, a kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka Bíbélì wa dáadáa. Pọ́ọ̀lù tí wọ́n mú aṣọ ìnujú kúrò lára rẹ̀ lọ fi wo àwọn aláìsàn, òun náà ló kọ lẹ́tà sí Tímótì, ọmọ rẹ̀ nínú ìgbàgbọ́, tó sì fún un ní ìmọ̀ràn ohun tí yóò máa mu nítorí ikùn rẹ̀ àti àìlera rẹ̀ ìgbàkúùgbà. Kò bá a wí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Nígbà tí Olúwa wa jí ọmọbìnrin Jáírù dìde, kí ariwo ayọ̀ tó rọlẹ̀, ó ní kí wọ́n fún ọmọ náà ní nǹkan jẹ. Ẹni tó jí òkú dìde kò fojú di oúnjẹ.

Ohun tó sì ń kó mi lọ́kàn sókè ni èyí. Wọ́n á gbàdúrà fún ẹni tó ní sílíàkì, wọ́n á ní ó ti gba ìwòsàn, wọ́n á ní kí ó fi ìgbàgbọ́ jẹ búrẹ́dì lójú gbogbo ìjọ. Ó jẹ ẹ́, kò sì ṣubú lulẹ̀. Gbogbo ilé ké halelúyà. Ṣùgbọ́n sílíàkì kì í ṣe bíi májèlé tí ń pani lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan wà tí inú kì í run wọ́n rárá bí wọ́n bá jẹ gluten, síbẹ̀ ìfun wọn ń bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń dín kù, eegun ń fúyẹ́. Nígbà tí Jésù wẹ adẹ́tẹ̀ mọ́, kò ní kó kàn máa lọ sílé. Ó ní kó lọ fi ara rẹ̀ han àlùfáà, nítorí àlùfáà ni òfin Mósè fún ní iṣẹ́ yíyẹ ara adẹ́tẹ̀ wò. Ìwòsàn tòótọ́ kì í bẹ̀rù àyẹ̀wò. Bí Ọlọ́run bá ti wò ọ́ sàn, lọ bá dókítà rẹ, kí òun náà wá bá ọ yin Ọlọ́run lógo. Kí o tó lọ, fi búrẹ́dì náà sílẹ̀ ná.

Oúnjẹ tí Ọlọ́run ti fún wa

Ibi tí inú mi ti ń dùn nínú ọ̀rọ̀ yìí la dé wàyí. Bí wọ́n bá ní kí òyìnbó fi àlìkámà sílẹ̀, ńṣe ló máa dà bíi pé wọ́n gba gbogbo tábìlì oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa ńkọ́? Iyán kò ní gluten. Àmàlà tí a fi ògidì èlùbọ́ iṣu rò kò ní. Láfún, ẹ̀bà, fùfú, púpurú àwọn ará Oǹdó, ìkókóre àwọn Ìjẹ̀bú, kò sí lára ọ̀kankan. Ẹ̀kọ, ògì, ọkà bàbà, jéró, ìrẹsì Ọ̀fadà, ẹ̀wà àti gbogbo ọmọ rẹ̀, ìyẹn àkàrà, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kuru, gbogbo wọn mọ́ tónítóní. Bọ̀ọ̀lì, dòdò, àsáró, ànàmọ́ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ní sílíàkì ní Ṣakí tàbí ní Ìlá lè jẹ oúnjẹ baba rẹ̀ lọ́dún kan kó má rí gluten sójú.

Àwọn tó ti dàgbà nígbà náà yóò rántí pé láti ọdún 1987 ni ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ti fi òfin de kíkó àlìkámà wọ Nàìjíríà, títí di 1992 tí wọ́n tó ká a kúrò. Búrẹ́dì di oúnjẹ ọlọ́lá. Ojoojúmọ́ là ń jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà, àwọn ọmọ wa sì lọ sílé ìwé, wọ́n dàgbà. Mi ò fi òfin náà yangàn o, ó ni ọ̀pọ̀ lára. Mo kàn ń rán wa létí pé ikùn Yorùbá kò fìgbà kan dá lórí àlìkámà.

Ẹ̀tàn ṣì wà níbẹ̀, àwọn ìyàwó ilé ni mo sì ń bá sọ ọ̀rọ̀ yìí ní pàtàkì. Sẹ̀mó tí a máa ń rò bí àmàlà, àlìkámà ni. Wíìtì tí àwọn ènìyàn máa ń rò fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, orúkọ rẹ̀ ti sọ ohun tó jẹ́, bó tilẹ̀ wúlò fún onítọ̀ ṣúgà, kò gbọdọ̀ kan ẹnu ẹni tó ní sílíàkì. Pọ́fù-pọ́fù, ṣinṣín, míìtì páì, núdùùsì inú ọ̀rá, sìpàgẹ́tì, bísíkíìtì, ẹbí kan náà ni gbogbo wọn. Àwọn tó ń ṣe mọ́ọ̀tì sábà máa ń fi ọkà báálì sí i, ẹ ka ara ìgò tàbí agolo rẹ̀ kí ẹ tó fi ṣínu ààwẹ̀. Óòtì kì í ṣe àlìkámà, ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń lọ̀ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń lọ àlìkámà, nítorí náà èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò ní gluten nìkan ni kí ẹ rà, lẹ́yìn tí dókítà bá ti fọwọ́ sí i. Ìyẹn tún rán mi létí búrẹ́dì kan tí wọ́n ń tà ní òkè òkun ní orúkọ wòlíì Ìsíkíẹ́lì. Àwọn ará wa kan ń rà á nítorí pé ó jẹ́ ti Bíbélì. Ẹ ṣí orí kẹrin ìwé wòlíì náà, àlìkámà àti ọkà báálì ló ṣáájú nínú ohun tí Ọlọ́run ní kó pò pọ̀.

Àkàrà mọ́, ṣùgbọ́n bí ìyá alákàrà bá ti fi epo yẹn dín pọ́fù-pọ́fù láàárọ̀, àkàrà náà ti gbá a lára. Ọlọ tí wọ́n fi lọ wíìtì kí wọ́n tó fi lọ èlùbọ́ rẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ohun tí kò tó nǹkan ló ń ba ìfun irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ́. Oúnjẹ tí wọ́n bá kọ ọ́ sí lára ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà pé kò ní gluten, kílò kan rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ju mílígíráàmù 20 lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ yín rọrùn díẹ̀ nípa ti kíkà: láti December 2014 ni òfin ti ní kí wọ́n kọ orúkọ irú ọkà bẹ́ẹ̀ kó hàn yàtọ̀ láàárín àwọn ohun tó wà nínú oúnjẹ inú páálí.

Kí ara sì tún le

Kì í ṣe gbogbo ohun tí kò ní gluten ló ń ṣara lóore. Ṣúgà kò ní gluten. Mínírà kò ní. Búrẹ́dì àti bísíkíìtì aláìní-gluten tí wọ́n ń tà lówó gọbọi nílé ìtajà, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ìyẹ̀fun funfun, ọ̀rá àti ṣúgà, ohun tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀ kò pọ̀ nínú wọn. Bí ẹnì kan bá fi sẹ̀mó sílẹ̀ tó wá ń jẹ òkè ẹ̀bà pẹ̀lú ọbẹ̀ bíńtín, ó ti bọ́ lọ́wọ́ sílíàkì, ṣùgbọ́n ebi ṣì ń pa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ yí i padà: kí òkèlè kéré, kí ọbẹ̀ pọ̀. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, ewédú, ilá, ẹ̀gúsí, irú wooro. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ẹ̀dọ̀, ẹran pupa, ẹja àti ẹ̀wà ló yẹ kó máa jẹ, kí ó sì mu ọsàn mọ́ ọn, nítorí ọsàn a máa ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Tíì tí a máa ń mu lé oúnjẹ lórí kì í jẹ́ kí ó gbà á dáadáa, ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan. Nítorí eegun, ẹ jẹ wàrà, ẹ jẹ ẹja kéékèèké tí a ń rún teegun-teegun. Ògì dára fún ikùn tó ń bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n èèrí tí a sẹ́ dà nù ti kó púpọ̀ lọ nínú rẹ̀, kí ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín tàbí ẹyin tẹ̀ lé e.

Ti eré ìdárayá náà ńkọ́? Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ó kéré tán, kí àgbàlagbà fi 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú èémí yára díẹ̀, kí ó sì fi ọjọ́ méjì ṣe ohun tó ń fún iṣan ní iṣẹ́. Ìrìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ó ti pé. Fún ẹni tó ní sílíàkì, ìrìn, gígun àtẹ̀gùn àti gbígbé ẹrù tí kò wúwo jù ní èrè mìíràn, wọ́n a máa mú eegun le. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tíì gòkè, ẹ má sáré. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní àdúgbò yín, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Ohun kan tún wà tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: nígbà tí ìfun bá jinná, oúnjẹ tí kì í dúró tẹ́lẹ̀ yóò wá dúró, ẹni tó ti rù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sanra, àwọn kan a sì sanra jù. Ìgbà yẹn gan-an ni ìrìn ń wúlò jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ wa tí kò ní sílíàkì, tí wọ́n kàn gbọ́ pé gbajúmọ̀ agbá-tẹ́níìsì nì, Novak Djokovic, fi àlìkámà sílẹ̀ ní ọdún 2010, tó sì gba ife ẹ̀yẹ ńláńlá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí eré sísá jẹ́ iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ ni o, kì í ṣe búrẹ́dì nìkan ló fi sílẹ̀, ó sì ti ń gba ife kó tó fi í sílẹ̀. Ìwádìí kan jáde ní Australia ní ọdún 2013. Àwọn ènìyàn 37 tí wọ́n gbà pé gluten ń da inú àwọn láàmú, láìní sílíàkì, ni wọ́n lò. Nígbà tí wọ́n yọ àwọn èròjà mìíràn tí ń kó afẹ́fẹ́ síni nínú kúrò nínú oúnjẹ wọn, tí wọ́n sì ń fún wọn ní gluten láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, gluten náà kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan tó yàtọ̀. Bí ara rẹ bá gba búrẹ́dì, jẹ ẹ́ ní ìwọ̀n, kí o sì dúpẹ́.

Lórí tábìlì Olúwa

Ó wá ku ti ìjọ. Nínú Ìjọ Kátólíìkì, òfin wọn ni pé búrẹ́dì Yúkárístì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àlìkámà. Ìwé tí Vatican kọ ní July 2003, tí wọ́n sì tún tẹnu mọ́ ní 2017, sọ pé èyí tí gluten rẹ̀ kéré gan-an ṣe é lò, ṣùgbọ́n èyí tí kò ní rárá kò ṣe é lò. Ní ọdún 2004, ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ kan tó ní sílíàkì gba Kọmúníọ̀nù àkọ́kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí wọ́n fi ìrẹsì ṣe. Ilé-iṣẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ní kò wúlò. Ó dun ìyá rẹ̀ wọra. Ọ̀nà méjì ni ìjọ náà là sílẹ̀: ẹni náà lè gba wáìnì nìkan, kò sì dín kù ní ohunkóhun, tàbí kó lo búrẹ́dì bíńtín tí àwọn arábìnrin ẹlẹ́sìn Benedict ní ìlú Clyde ní Missouri ń ṣe, tí gluten inú rẹ̀ kò tó 0.01 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ẹni tó fẹ́ lò ó bi dókítà rẹ̀ léèrè.

Àwọn ìjọ tí òfin wọn kò so mọ́ àlìkámà, kí ló ń dí wa lọ́wọ́? Pọ́ọ̀lù bá àwọn ará Kọ́ríńtì wí gidigidi nítorí pé àwọn kan ń jẹ yó nídìí tábìlì Olúwa tí ebi sì ń pa àwọn mìíràn níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa dúró de ara wọn. Ìyẹ̀fun ìrẹsì tàbí ti pákí díẹ̀ tó láti fi ṣe búrẹ́dì pẹlẹbẹ fún ẹnì kan. Kí wọ́n sè é nínú ìkòkò tó mọ́, kí ó ní àwo tirẹ̀ àti aṣọ ìbòrí tirẹ̀, kí wọ́n má ṣe tò ó lé búrẹ́dì yòókù lórí. Kí ọwọ́ tó bu búrẹ́dì àlìkámà má ṣe bu ú láìfọ̀. Níbi tí a bá ti ń ki búrẹ́dì bọ ago kan náà, kí ẹni yìí kọ́kọ́ mu kí ẹnikẹ́ni tó kì í. Àwọn ìjọ tó ń lo ife kéékèèké kò ní ìyọnu yìí.

Ti àwọn ọmọdé ló máa ń ṣòro jù, nítorí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi a máa fi bísíkíìtì fẹ́ wọn lójú mọ́ra, ọmọ kò sì lè kọ ohun tí àgbà bá nà sí i. Ìyá, sọ fún olùkọ́ náà láìtijú, kí o sì fún ọmọ rẹ ní nǹkan tirẹ̀ lọ́wọ́, àádùn tàbí kókóró tó jẹ́ ti àgbàdo nìkan, gúgúrú, ìpékeré tí o dín nílé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Nígbà ìkórè àti Kérésìmesì, kí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ya abọ́ kan sọ́tọ̀ fún un. Kí olùkọ́ sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọ náà nínú ìwé tó fi ń pe orúkọ wọn, kí ẹni tó bá dúró fún un ní ọjọ́ Ìsinmi tí kò bá sí nílùú lè rí i kà.